Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn ní Manchester: ṣé kí n ṣe bankruptcy ni, àbí IVA tí wọ́n ń pè mí sí?

ÌyáỌmọMéjì_Manchester (Ọjọ́ Àìkú, 10:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kọ nǹkan rí. Lálẹ́ òní mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé, mọ́tò mi ni mo fi ń rìn. Ọmọ méjì ni mo ní, ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 9. Bàbá wọn ti lọ láti 2021. Mo ti gba indefinite, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí títí. Nígbà tí màmá mi kú ní 2023, èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo wà lókè òkun, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí. Owó màálù, owó kánọ́pì, owó pósí, aṣọ ẹbí, orí mi ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé. Mo fi káàdì gba owó, mo yá owó ní báńkì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń yá tibí san tọ̀hún.

Lónìí mo jókòó, mo ṣí gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń tì sínú dúrọ́ọ̀. Káàdì márùn-ún, £14,900. Owó báńkì, £11,200. Council tax, £2,300. Iná àti gáàsì, £1,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yá mi ní £2,000, ọwọ́ sí ọwọ́, kò sí ìwé. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ £31,400. Tí mo bá san owó ilé, tí mo ra oúnjẹ àti epo mọ́tò, ohun tó ń ṣẹ́ kù kì í ju £60 lọ lóṣù. Èlé nìkan ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, béélífù (agbowó gbèsè) kan ilẹ̀kùn wa ní aago méje àárọ̀. Ọmọ mi kékeré ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó fi ìka lé ètè, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n má fọhùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n ṣe IVA, kí n máa san £180 lóṣù fún ọdún márùn-ún, pé wọ́n á fagi lé ìyókù. Mo ní mi ò ní £180, wọ́n ní kí n dín owó oúnjẹ kù.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní pulọ́ọ̀tì kan ní Mọ́wé, mo rà á ní 2017, orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n tètè yí i sí orúkọ òun. Èkejì, mo wà nínú àjọ ẹlẹ́ni mẹ́wàá, £200 lóṣù (nínú owó tí mo ń yá ni mo ti ń dá á), a ti dá méje, oṣù kẹjọ tó ń bọ̀ yìí ni tèmi. Mo fẹ́ fi í san owó ọ̀rẹ́ mi kí n tó ṣe ohunkóhun, torí òun nìkan ló yá mi lówó tí kò gba èlé. Ẹ̀kẹta, ojú ń tì mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáÀgbà_Peckham (Ọjọ́ Àìkú, 11:20 alẹ́)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo bá ọ kẹ́dùn màmá. Ṣùgbọ́n gbèsè, sísan ni à ń san án. Nígbà àwọn bàbá wa, ẹni tó bá yáwó á lọ sìn bí ìwọ̀fà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa dúró fún èlé títí yóò fi rí owó san. Kò lọ sọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n bá òun pa á rẹ́. Wá iṣẹ́ kejì, kódà kó jẹ́ ti òru. Má fi orúkọ bàbá rẹ sínú ìwé onígbèsè ní ilẹ̀ àjèjì.

Awakọ̀_Birmingham (Ọjọ́ Ajé, 5:52 àárọ̀)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àǹtí ní òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ méjì. Tó bá lọ síbi iṣẹ́ òru, ta ni yóò sùn ti àwọn ọmọ?

Àǹtí, mo ṣe bankruptcy ní 2022, ìyẹn ni pé mo ní kí ìjọba kéde pé mi ò lè san gbèsè mi, kí wọ́n pa á rẹ́, mo sì ti jáde nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí nígbà tèmi, ohun tí mi ò mọ̀ ló ń gba oorun lójú mi ju iye owó náà lọ.

Orí gov.uk ni mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀tù, kò sí adájọ́ kankan tí mo dúró níwájú rẹ̀. £680 ni. Wọn kì í dín in fún tálákà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ènìyàn máa san án díẹ̀díẹ̀ kó tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, oṣù mẹ́rin ni mo fi san tèmi. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún gùn. Gbogbo ẹni tí mo jẹ, gbogbo ohun tí mo ní, èyí tó ń wọlé, èyí tó ń jáde, ohun tí mo ti tà tàbí tí mo fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Orí tábìlì ìdáná ni mo ti ń kọ ọ́ lẹ́yìn tí ìyàwó mi bá ti sùn. Nígbà tí mo dé bọ́tìnnì ìkẹyìn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní adjudicator ló ń fọwọ́ sí i. Ó ní ọjọ́ 28 láti dáhùn, tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí lórí fóònù láti ọ́fíìsì Official Receiver, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìní ẹni tó ṣe bankruptcy. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Gbogbo statement báńkì mi wà níwájú rẹ̀. Ó bi mí nípa £1,500 tí mo fi ránṣẹ́ sílé ní oṣù Kejìlá: ta ló gbà á, kí ló fi ṣe? Mo ní orùlé ilé bàbá mi ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Nǹkan bíi wákàtí kan, ó parí.

Ibi tó ti fẹ́ já mi lulẹ̀ ni báńkì. Ọjọ́ tí àṣẹ jáde ni wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkan tó ti kìlọ̀ fún mi, owó oṣù mi ì bá há sínú ẹ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ lọ ṣí basic account ní báńkì tí ẹ ò jẹ ní kọ́bọ̀, kí ẹ sì sọ fún ibi iṣẹ́ kí wọ́n máa sanwó síbẹ̀.

Ọdún kan géérégé, wọ́n tú mi sílẹ̀. Láàárín ọdún yẹn, mi ò lè jẹ́ dáyírẹ́kítọ̀ ilé iṣẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ yá £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ fún ẹni tó fẹ́ yá mi. Orúkọ mi jáde nínú London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Mo rò pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á kà á. Ẹnikẹ́ni ò kà á. Credit file mi, àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń yáwó tí mo sì ń san án, ló máa gbé e fún ọdún mẹ́fà.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston (Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀)

Amẹ́ríkà ni mo wà, òfin wa yàtọ̀. Chapter 7, irú bankruptcy kan lọ́dọ̀ wa, ni mo ṣe. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló gbà, àmọ́ ọdún 10 ló máa wà lórí credit report. Ẹ wá lọ́yà gidi o, ẹ má dá a ṣe.

Ohun tó mú mi dá sí i ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Kí n tó wọlé, mo san $3,000 fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti yá mi lówó. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Trustee, ẹni tó ń bójú tó ohun ìní onígbèsè, rí i. Tó bá jẹ́ ẹbí ni, ọdún kan ni wọ́n ń wò sẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ lẹ́tà sí pé kó kó owó náà jáde, kí wọ́n lè pín in fún gbogbo àwọn tí mo jẹ. Obìnrin tó ṣe mí lóore ni wọ́n wá ń lé kiri nítorí mi. Ó san án. Títí di òní, tí mo bá pè é, mo ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ẹ má san ọ̀rẹ́ yín ṣáájú àwọn yòókù.

Ọ̀dọ́_Mọ́wé (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ da yín láàmú. Ta ló máa wá ilẹ̀ Mọ́wé láti London? Kò ní C of O, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ agreement tuntun sí orúkọ àbúrò yín, kí ó fi ọjọ́ 2019 sí i. Ó tán.

Alákọ̀wé_Leeds (Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀)

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba àwọn onígbèsè nímọ̀ràn ní ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Ti Mọ́wé ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Àbúrò, ohun tí o sọ yẹn lè gbé obìnrin yìí dé ẹ̀wọ̀n. Ọ̀daràn ni ẹni tó bá fi ohun ìní pamọ́ kí Official Receiver má bàa rí i, lábẹ́ òfin Insolvency Act 1986, ká má tíì sọ ti ọjọ́ irọ́ lórí ìwé. Gbogbo ohun tí ẹni tó ṣe bankruptcy ní ni òfin kà mọ́ ọn, ibi yòówù kó wà láyé. Bí ó bá fi ilẹ̀ náà ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ lónìí, wọ́n lè wò ó dé ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá sì ká irú ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ìdè tí ìbá tú lọ́dún kan lè di ọdún méjì títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti rí ẹni tí wọ́n rí ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà, kì í ṣe pé wọ́n rán ẹnikẹ́ni lọ. Owó símẹ́ńtì tó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ló wà nínú statement rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ "for the house" síbẹ̀.

Àǹtí, ilẹ̀ yín yìí, ẹ̀yin ni ẹ rà á. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan láti tà. Síbẹ̀, kódà ilẹ̀ ẹbí, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n fúnra wọn pinnu pé kò kan yín.

Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó dárúkọ DRO (Debt Relief Order), àṣẹ tó ń pa gbèsè rẹ́ fún ẹni tí kò ní ohun ìní púpọ̀. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò fún irú yín. Láti oṣù Kẹfà 2024, ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju £50,000 lọ lè ṣe é. Láti oṣù Kẹrin ọdún kan náà, kò gba owó kankan mọ́. Ọdún kan ni wọn ò fi ní lè béèrè owó lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn rẹ̀ gbèsè náà kú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín lóṣù kò gbọdọ̀ ju £75 lọ, mọ́tò kò gbọdọ̀ ju £4,000 lọ, ohun ìní yòókù kò sì gbọdọ̀ ju £2,000. Ibi tí Mọ́wé ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí pulọ́ọ̀tì yẹn bá ju £2,000 lọ, ilẹ̀kùn DRO tì. Owó àjọ tí ẹ ti dá náà, ohun ìní ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ ò sì lè dá DRO ṣe, agbaninímọ̀ràn tí wọ́n fọwọ́ sí ló ń bá ènìyàn fi í ránṣẹ́. Ẹ lọ bá Citizens Advice tàbí StepChange, tàbí kí ẹ pe National Debtline. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Houston, ohun tí ẹ sọ nípa ọ̀rẹ́ dára púpọ̀, àmọ́ ní England a ò nílò lọ́yà fún èyíkéyìí nínú ẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà: ní bankruptcy wa, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń wò sẹ́yìn fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí, ọdún méjì fún ẹbí. DRO ń wo ọdún méjì fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má san án.

Ẹ fi èyí náà sọ́kàn. £60 yín yẹn, DRO kò ní fọwọ́ kàn án. Ní bankruptcy, bí ohun tó ń ṣẹ́ kù bá lé ní £20 lóṣù, wọ́n lè ní kí ẹ máa san án fún ọdún mẹ́ta. Owó tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sílé, wọn kì í tètè gbà á bí ìnáwó ilé. Tí ẹnìkan bá gbára lé yín, ẹ kó ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú: ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní ẹ fẹ́ Breathing Space. Ọjọ́ 60 ni. Wọn ò ní lè fi èlé lé e, béélífù kò ní lè wá, ti council tax náà wà nínú ẹ̀. Kí Breathing Space tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fún béélífù. Kò ní ẹ̀tọ́ láti já ilẹ̀kùn yín torí council tax, kò sì gbọdọ̀ wọlé bó bá jẹ́ àwọn ọmọ nìkan ló wà nílé. Ẹ sọ èyí fún ọmọ kékeré yẹn.

Ìgbómìnà_Kent (Ọjọ́ Ajé, 12:05 ọ̀sán)

IVA. Mo fẹ́ kí àǹtí yìí gbọ́ ti IVA.

Èmi náà, fóònù ni wọ́n fi pè mí. Ọmọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ dídùn, ó ń pè mí ní orúkọ àkọ́kọ́ mi bí ẹni pé a jọ dàgbà ni. £210 lóṣù. Mo san án fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin láìyẹ̀. Nígbà tí ibi iṣẹ́ dín wákàtí mi kù, mo pè wọ́n, wọ́n sún owó díẹ̀ síwájú fún mi, lẹ́yìn náà wọ́n ní mo ti yẹ àdéhùn. Wọ́n tú u ká. Mo wá rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí mo san ní ọdún àkọ́kọ́, owó iṣẹ́ wọn ni. Gbèsè mi dìde lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó sùn. Ní ọjọ́ tí mo gba lẹ́tà yẹn, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ̀kalẹ̀ níbi tí mi ò mọ̀.

Ẹni tó bá ní kí ẹ dín oúnjẹ ọmọ kù kí ẹ lè san owó òun, ẹ pa fóònù.

Onílé_MiltonKeynes (Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Arákùnrin Kent, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pa IVA tì fún gbogbo ènìyàn. Aṣírò owó ni mí, bankruptcy ì bá ti ba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi jẹ́, mo sì ní ilé tí owó ti wọ̀ sínú ẹ̀. Nínú bankruptcy, ìpín mi nínú ilé yẹn á bọ́ sọ́wọ́ trustee. Mo ṣe IVA, àwọn tí mo jẹ sì dìbò lórí ẹ̀. Bí àwọn tó bá dìbò fún un bá gbé ìdá 75 nínú gbèsè gbogbo àwọn tó dìbò, ó di àdéhùn fún gbogbo wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi san tèmi tán. Ilé mi wà.

Àmọ́ àǹtí ò ní ilé níbí, kò sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó ń bẹ̀rù fún, kò sì ní £180. Lórí tiwọn, mo gbè sẹ́yìn Kent.

ÌyáẸ̀kọ́_Luton (Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo jẹ́ ìyá alájọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo fẹ́ sọ ohun tí inú àwọn kan ò ní dùn sí.

A ní ẹnìkan tó kó tiẹ̀ ní oṣù kejì. Ní oṣù karùn-ún ó ṣe bankruptcy, kò dá mọ́. Oṣù mẹ́fà ló kù tó yẹ kó dá, £200 lóṣooṣù, £1,200. Kò sọ fún mi. Lẹ́tà ni mo fi gbọ́, orúkọ mi wà nínú àwọn tó jẹ lówó, wọ́n sì kọ ọ́ ní àṣìpè. Kọ́bọ̀ kò wọlé. Àwa yòókù la pín in gbé, ọ̀kan nínú wa ń fi tiẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Kì í ṣe owó báńkì là ń sọ níbí o. Àwọn obìnrin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ni.

Nítorí náà, àǹtí, ẹ lọ sọ fún ìyá alájọ yín. Tàbí kí ẹ ní kí wọ́n sún yín sí oṣù kẹwàá, kí owó náà má bàa wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù.

Alákọ̀wé_Leeds (Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Màmá Luton, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, àyàfi èyí tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sún un dé oṣù kẹwàá, ẹ̀tọ́ tó ní láti gba owó náà ṣì jẹ́ ohun ìní rẹ̀, sísún tó sún un láti fi pamọ́ ló máa wá di ọ̀ràn. Kí ó gbà á nígbà tó bá kàn án, kí ó jẹ́ kó wọ àkáǹtì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. £680 lè ti inú ẹ̀ jáde bó bá jẹ́ bankruptcy ló máa ṣe, oúnjẹ àti owó ilé náà lè ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó yan ẹnìkan nínú àwọn tó jẹ, kí ó kó o fún un.

ỌmọAkúrẹ́_Coventry (Ọjọ́ Ajé, 7:44 alẹ́)

Ó rọrùn jù, kí wọ́n kó ọmọ lọ sílé. Ọdún mẹ́fà á kọjá, gbèsè á jẹrà.

Awakọ̀_Birmingham (Ọjọ́ Ajé, 8:01 alẹ́)

Bọ̀rọ̀ ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà wà nínú òfin lóòótọ́, àmọ́ bí báńkì bá gba ìdájọ́ kọ́ọ̀tù kí ó tó pé, ìdájọ́ náà wà níbẹ̀ tó ń dúró de yín. Bí ẹ bá san £5 nínú ẹ̀ tàbí tí ẹ kọ̀wé gbà pé ẹ jẹ ẹ́, kíkà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ ọdún 13 tó ti ń múra ìdánwò, ẹ fẹ́ kó o lọ sílé torí káàdì márùn-ún?

ỌmọAkúrẹ́_Coventry (Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́)

Mo gbà. Ìwé ìlú ni mo ń rò, pé tí wọ́n bá kọ bankruptcy sí wọn lọ́rùn, indefinite wọn lè bọ́.

Alákọ̀wé_Leeds (Ọjọ́ Ajé, 8:35 alẹ́)

Kò lè bọ́ nítorí ìyẹn. Bankruptcy kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba citizenship ni Home Office ń wo ìwà, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò: bóyá àìbìkítà tàbí jìbìtì ló fà á. Gbèsè ìsìnkú ìyá kò jọ jìbìtì. Ẹni tó bá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù ló kó sí ìyọnu.

Aláṣọ_Glasgow (Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́)

Fún ẹni tó bá ń ka èyí láti Scotland: gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yìí, England àti Wales ni. Sequestration là ń pè é lọ́dọ̀ wa, kò sí DRO, kò sí IVA, trust deed ni tiwa. Ẹ má lọ sí gov.uk kí ẹ san owó síbẹ̀.

BàbáÀgbà_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 àárọ̀)

N kò sùn dáadáa. Ọmọ tó fi ìka lé ètè yẹn ni mo ń rí.

Bàbá bàbá mi máa ń sọ ti ológò fún wa. Tí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò rí san, ẹni tó yá a lówó á bẹ ológò. Ológò á wọ àgbàlá onígbèsè, á tẹ́ ẹní, á jókòó. Á máa bú u sókè kí àdúgbò lè gbọ́, á mú adìyẹ tó bá wù ú pa jẹ, kò sì ní dìde títí ará ilé yóò fi sáré dá owó jọ. Bàbá bàbá mi ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wọ́n dógò ti bàbá òun, òun sì sá sábẹ́ àká títí ilẹ̀ fi ṣú. Arúgbó ni nígbà tó ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ṣì ń yí padà.

Mo sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà lánàá bí ẹni pé ohun tó dára ni. Ọmọ mi, má bínú. Ṣe ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wí. Tí o bá fẹ́ kí ẹnìkan bá ọ dúró lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá ń bi ọ́ ní ìbéèrè, mo ti fẹ̀yìntì, mo wà nílé lójoojúmọ́.

ÌyáỌmọMéjì_Manchester (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣé. Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni.

Mo pe àwọn agbaninímọ̀ràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an, nínú mọ́tò, láàárín ilé aláìsàn méjì. Breathing Space ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ohun tí ẹ sọ nípa ilẹ̀kùn han ọmọ mi, ó ní kí n tún un kà.

Mo sọ ti Mọ́wé. Agbaninímọ̀ràn náà ò pariwo, ó kàn ní kí n wá iye tó tó. Àbúrò mi bá mi mú ẹni tó ń díye lé ilẹ̀ lọ síbẹ̀, ó kọ ₦5.8 mílíọ̀nù. Bí owó ṣe rí báyìí, ó ju £2,000 lọ, DRO ti bọ́. Bankruptcy ni mo máa ṣe. Mọ́tò mi kò ju £2,800 lọ, òun ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́, agbaninímọ̀ràn náà ní wọ́n lè fi í sílẹ̀ fún mi. Àbúrò mi bínú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi gbé fóònù mi. Ìgbà tó gbé e, ó ní bí Official Receiver bá fẹ́ ta ilẹ̀ náà, òun á rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tó tọ́, kí ẹlòmíì má bàa dé ibi tí a ti fẹ́ kọ́lé fún màmá.

Owó àjọ dé, £2,000. Mo san £680 nínú ẹ̀, mo ra bàtà ilé ìwé fún àwọn méjèèjì, ìyókù wà nínú basic account tuntun.

Ti ọ̀rẹ́ mi ló nira jù. Mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀. Mo ní mi ò lè san owó rẹ̀ báyìí, pé orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé pẹ̀lú ti báńkì. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀wà tó ń ṣà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bá a lọ, ó ń ju èyí tó bàjẹ́ sínú abọ́. Ó wá ní, "Ṣé mo ti sọ fún ọ pé mo fẹ́ gba owó náà lónìí?" Mo sunkún títí. Alákọ̀wé, tí wọ́n bá ti tú mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ṣé mo lè fi owó ara mi san án nígbà náà?

Ó ku oṣù méjì tí mo máa dá nínú àjọ, £400. Mo lọ bá ìyá alájọ wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí màmá Luton kọ, mo kà á fún un. Kò jẹ́ kí n kà á tán. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí ẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ fi òun sínú ìwé onígbèsè, kí n má kọ òun ní àṣìpè.

Alákọ̀wé_Leeds (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:58 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ẹ má fún ọ̀rẹ́ yín lówó látinú owó ọwọ́ yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa san nǹkan lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ máa lọ bó ṣe yẹ. Ìwé àjọ yín tí wọ́n fi bírò kọ, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí oṣù tí ẹ kó àti oṣù tí ẹ ò tíì dá hàn dáadáa. Ẹ kọ £400 náà sábẹ́ gbèsè.

Awakọ̀_Birmingham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:15 alẹ́)

Tí ẹ bá dé bọ́tìnnì ìkẹyìn tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ kọ̀wé síbí, aago yòówù kó jẹ́. Mò ń jí ní aago márùn-ún.